Ẹ̀fúùfù àti Afárá Tí A So Rọ̀

Ọmọ Glei ni mí, ní ilẹ̀ Ifẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá Atakpamé, iṣẹ́ okùn irin ni mo sì ń ṣe jẹun. Àwọn afárá tí ojú wa mọ̀ lọ́nà Lomé, orí ẹsẹ̀ kọnkéré ni wọ́n dúró lé. Wọ́n kúrú, wọ́n wúwo, débi pé bí ọyẹ́ fẹ́ títí tí páànù ilé ń ké, mìmì kan kò lè mì wọ́n. Ṣùgbọ́n afárá tí a so rọ̀, tí òpó méjì gbé okùn dání, tí okùn sì gbé ọ̀nà dání lókè omi, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀fúùfù, aláìlápá tí ń ṣí òrùlé, ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá gbìmọ̀ kí a tó dáwọ́ lé e.

Ní ọdún 1940, àwọn ará Amẹ́ríkà so irú rẹ̀ rọ̀ ní Tacoma. Àárín òpó rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mítà 853, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju mítà 12 lọ. Irin pẹlẹbẹ tí kò ní ihò kankan, tí ó ga ní mítà 2.4, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé yóò fara da ìjì líle. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, ẹ̀fúùfù tí eré rẹ̀ tó kìlómítà 64 ní wákàtí kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, bí apá ọ̀tún bá ròkè, ti òsì a rọlẹ̀, títí ó fi já sínú omi. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a sì rí fùrọ̀ adìẹ. Ìrísí afárá ni ó ṣokùnfà rẹ̀, kì í ṣe àìlágbára irin: bí ó ti ń lọ́ ni ó ń gba agbára kún agbára lọ́wọ́ ẹ̀fúùfù.

Ohun tí àwọn àgbà iṣẹ́ wa ṣe lẹ́yìn náà ni ó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1950, wọ́n tún ti Tacoma kọ́, wọ́n fi ọ̀pá irin hun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn lè là á kọjá, wọ́n sì dá ihò sí ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1966, lórí odò Severn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe ojú ọ̀nà ní àpótí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí etí rẹ̀ mú bí imú ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ̀fúùfù fi ń pín sókè sísàlẹ̀. Ọgbọ́n ju agbára lọ.

Òfin kan náà, pé kí atẹ́gùn rí ọ̀nà kọjá, ni ó de afárá tí a ń fẹsẹ̀ rìn kọjá. Èyí tí ó gùn ní mítà 401 láàrin igbó Lekki ní Èkó, àwọ̀n ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá ní kí n fi pákó dí ẹ̀gbẹ́ afárá kí ẹ̀rù omi má ba ọmọdé, àwọ̀n ni mo máa ń nà sí i dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni okùn tí a nà láti abẹ́ afárá lọ sí etí odò níhà méjèèjì: kò gbé ẹrù kankan, nítorí náà ni olówó iṣẹ́ fi máa ń fẹ́ kí a yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀fúùfù gbá afárá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan án kí n tó di nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní àdìkẹ́yìn, kí n lè mọ̀ bóyá ó dẹ̀.

Bí ọjọ́ bá dé tí a ó so afárá rọ̀ lórí odò Mono ní ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ náwó sí wíwọn ẹ̀fúùfù ibẹ̀, lọ́yẹ́ àti lójò, kí a tó ra irin.