Gbàǹjo Àwo Orin Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ló Ń Gbọ́ Ohun Tí Wọ́n Ń Rà?

Irú àkọsílẹ̀ kan wà tí àwọn alárìíwísí kì í kà sí lítíréṣọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ní òfin tirẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fa ojú èèyàn mọ́ra. Òun ni èyí tí àwọn tó ń lu àwo orin àtijọ́ ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kọ sábẹ́ àwòrán ọjà wọn. Ẹ bá wa kà á bí ẹni ń ka ewì. Àwòrán páálí níwájú, àwòrán páálí lẹ́yìn, àwòrán àwo fúnra rẹ̀ lábẹ́ iná, kí ẹ lè rí ibi tó ti ha. Lẹ́yìn náà ni orúkọ olórin, ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ọdún. Orin inú rẹ̀ ńkọ́? Gbólóhùn kan, bóyá. Nígbà mìíì, kò sí rárá.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Gbàǹjo yìí, àríwísí kan ló ń ṣe. Ó ń sọ fún ayé pé orin báyìí níyì ju tọ̀hún lọ, àwa tí a sì ń wo iye owó lórí fóònù wa, a máa ń gbà á gbọ́. Tí àwo Nàìjíríà kan bá gbówó lórí, a ó máa pariwo pé iyì ti dé bá orin wa. Ó dáa. Àmọ́ kí ni iye yẹn ń wọ̀n gan-an?

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. eBay, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, máa ń ní kí ẹ tẹ iye tó ga jù tí ẹ lè san. Ẹ̀rọ á fi í pamọ́, á sì máa bá yín fi owó díẹ̀díẹ̀ lé e bí ẹlòmíì bá ti ń fi kún tiẹ̀. Ká ní Àdùkẹ́ lè san dọ́là 200 lórí àwo kan, tí Àlàó ò lè kọjá 90. Dọ́là 91 ni Àdùkẹ́ máa san. 200 tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tí Àlàó bá sì sùn lọ ní tiẹ̀, tí kò sí ẹlòmíì, Àdùkẹ́ á gba àwo kan náà ní iye tí ọlọ́jà fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn orin jù ló ń dá iye, ẹni tó pàdánù ni. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọwọ́ eré yìí fi máa ń dákẹ́ títí di ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà ráyè dá wọn lóhùn.

Nígbà mìíì pàápàá, owó náà kì í ṣe owó. Ní 2002, ọkùnrin kan ra àwo àyẹ̀wò kan tí ẹgbẹ́ olórin Velvet Underground ṣe ní 1966. Ojú títì ní New York ló ti rà á, ní sẹ́ǹtì 75. Nígbà tó dé orí eBay ní December 2006, wọ́n du ú títí ó fi dé dọ́là 155,401. Gbogbo ayé gbọ́. Àṣé ẹni tó borí kò ní san kọ́bọ̀. Wọ́n tún un gbé síta, ó sì lọ ní dọ́là 25,200. Orin kan náà, àwo kan náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra. Èwo nínú iye méjèèjì ni iyì orin yẹn?

Ẹ̀yà kejì ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀wọ́n. Ní 2013, àwo Tommy Johnson, olórin búlúùsì ará Mississippi, tí ilé iṣẹ́ Paramount gbé jáde, lọ ní dọ́là 37,100 lórí eBay. Méjì péré ni wọ́n mọ̀ pé ó ṣẹ́kù láyé. Kí ló dé tó fi ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀? Torí pé nígbà tó jáde, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ irú orin yẹn ò sì lówó lọ́wọ́. Àwo tí èèyàn ò rà nígbà yẹn ni èèyàn ń jà sí lónìí. Ẹgbẹ́ Wu-Tang Clan mọ àṣírí yìí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n dìídì ṣe nínú àwo wọn kan, wọ́n sì tà á ní 2015 nípasẹ̀ ilé gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Àwo tí ayé ò gbọ́ di àwo tó wọ́n jù láyé.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ “Oroki Social Club” tí Haruna Ishola gbé jáde ní 1971. Mílíọ̀nù márùn-ún ni wọ́n ní ó tà. Ilé wo ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà yẹn ni wọn ò ti gbọ́ ọ? Lójú gbàǹjo, àléébù nìyẹn: ohun tó pọ̀ nílé kì í wọ́n lọ́jà. Lójú tiwa, òun gan-an ni ẹ̀rí iyì. Nítorí náà, ẹni tó bá fi iye owó orí íntánẹ́ẹ̀tì to àwọn olórin wa tẹ̀léra, ohun tó tò ni bí àwo wọn ṣe ṣọ̀wọ́n sí, kò tíì to orin.

Àti pé ojú ló ń ṣiṣẹ́ ní gbàǹjo, etí kọ́. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ipò àwo bẹ̀rẹ̀ láti ‘Mint’, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ‘Very Good’, ó dé ‘Good’, ó parí sí ‘Poor’. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín o: àwo tí wọ́n pè ní ‘Good’ á máa ta bí ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló sì ń fi ojú lásán wò ó, wọn ò gbé e sórí ẹ̀rọ. Ọlọ́jà á sọ fún yín pé igun páálí ti ká. Kò ní sọ fún yín pé Òròkí tí wọ́n kọ síwájú páálí, Òṣogbo ni. Kò ní sọ pé orúkọ èèyàn ló kún inú àpàlà fọ́fọ́, pé oríkì ìdílé àti ìtàn ìlú wà níbẹ̀. Kò kúkú gbọ́ èdè náà. Kò sì sí ẹni tó bi í.

A kì í ṣe ọ̀tá àwọn tó ń kó àwo jọ. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, ilẹ̀ ìdọ̀tí ni ì bá wà. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, ta ló ku tó ń tọ́jú àwo? Rírà kì í sì í ṣe olè. Àmọ́ ẹ fi wé òde àríyá tiwa. Níbẹ̀ náà, owó ń bá owó díje: ẹnì kan ná an, ẹlòmíì dìde láti ná jù ú lọ. Ṣùgbọ́n iwájú olórin lowó ń bọ́ sí, olórin á sì fi orúkọ ẹni tó náwó sínú orin. Lórí eBay, àmì ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń bo orúkọ ẹni tó ń du ọjà, olórin tàbí ọmọ rẹ̀ kò sì ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ará ilé gan-an tó fẹ́ ta àwo bàbá rẹ̀ ń kọ́? Láti 2014 ni PayPal ti gbà wá láyè ní Nàìjíríà láti máa sanwó jáde, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò gbà kí owó wọlé sọ́dọ̀ wa. Ọjà tí èèyàn lè ra nǹkan níbẹ̀, tí kò lè tà, ọjà wo nìyẹn?

Ohun tó dá orin àtijọ́ padà fún wa kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹni tó sanwó jù. Domingo Justus kọrin ní èdè Yorùbá sínú àwo ní apá ìparí àwọn ọdún 1920. Àwo ìgbà yẹn, tó bá já bọ́, àfọ́kù ni. Ilé ìpamọ́ EMI ní Hayes, ní London, ló tọ́jú irú rẹ̀, ibẹ̀ ni Honest Jon's ti mú orin jáde ní 2008 fún àkójọ tí wọ́n pè ní “Living Is Hard”. Lónìí, ẹni tó ní dọ́là kan àti ẹni tí kò ní, àwọn méjèèjì lè mọ bí ohùn Justus ṣe dún.

Ibí yìí ni iṣẹ́ wa wà. Discogs, ibi tí àwọn olólùfẹ́ àwo ń kó àkọsílẹ̀ jọ sí, ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ kó sì fi àlàyé kún àlàyé. Ẹ wá àwo àpàlà, sákárà tàbí wákà kan tí kò ní ju nọ́ńbà àti ọdún lọ. Ẹ gbé orin náà lọ bá ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà, ẹ bi wọ́n: ta ni wọ́n ń kì yìí? Ìlú wo ni wọ́n ń pè? Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn tí olórin fi ń sọ báyìí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tó péye, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó kúrò láyé. Ẹni tó bá fẹ́ lè máa du páálí. Ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn ò sí nínú ìpolówó gbàǹjo kankan, àwọn tó sì lè dáhùn wọn kò pọ̀ mọ́.