Ẹwà Tó Dènà Ìwé Kíkà: Àyẹ̀wò Ojú-Ewé Flash

Ìwé tí òǹkàwé kò lè ṣí padà sẹ́yìn, tí kò sì lè tọ́ka sí ojú-ewé rẹ̀, kò yàtọ̀ sí eré orí ìtàgé tó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àbùkù yìí ló wọ́pọ̀ lára ojú-ewé ayélujára tí wọ́n fi Flash ṣe. Macromedia ló ra ètò kọ̀ǹpútà náà ní 1996, tó sì sọ ọ́ lórúkọ yìí. Ó mú kí àwòrán máa rìn, kí orin sì máa dún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ètò àfikún rẹ̀ kò lè rí nǹkan kan. Ẹni tó ní in pàápàá yóò kọ́kọ́ dúró wo àwòrán ìfáárà. Bí ó bá tẹ bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn, ó sábà máa ń bá ara rẹ̀ níta pátápátá. Kí ó tó di 2002, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú kò rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kà. Abájọ tí Jakob Nielsen fi pe ìdá 99 nínú 100 rẹ̀ ní aburú ní ọdún 2000.

Lóòótọ́, Flash fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-ọnà tí kò lówó lọ́wọ́ láǹfààní láti ṣe eré àwòrán. Ṣùgbọ́n nígbà tí Adobe, tó ra Macromedia ní 2005, pa á tì ní ìparí 2020, púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn bá a lọ, àyàfi èyí tí àwọn bí Internet Archive dóòlà.

Yorùbá ní ìwà lẹwà. Ìwà ojú-ewé ni pé kí ó ṣeé kà.