Ta Ló Rí Ìbúra Lápité? Ìwòye Kan lórí Ṣaworoidẹ

Ìlù ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ máa ń gbájú mọ́ nínú Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì gbé jáde ní 1999. Ìlù ló pa Lágàta lóòótọ́, ó sì dùn ún wò. Ní tiwa, ibi tí ìwà jẹgúdújẹrá ti bẹ̀rẹ̀ ni a fẹ́ tọ́ka sí: ibi ìkọ̀kọ̀ tó yẹ kí Lápité ti gba gbẹ́rẹ́. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá gbà á kò ní lè fi oyè kó ọrọ̀ jọ. Ó kọ̀, ó fa ìbọn yọ, ó sì dé adé. Ará Jogbo ń jó. Wọn ò mọ̀ pé ọba ò bá àwọn mulẹ̀.

Èyí kò jìnnà sí wa. Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ní kí àwọn tó di ipò ìjọba mú kọ ohun ìní wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Code of Conduct Bureau. Inú fáìlì ló ń wà. Ààrẹ Yar'Adua fi tirẹ̀ han gbogbo ìlú ní 2007, àmọ́ ó wù ú ni, òfin ò fi dandan lé e.

A kò kóyán ìlù náà kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí àwọn agégẹdú ti ba igbó Jogbo jẹ́ ló tó dún. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń fi fíìmù yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE, ẹ bi wọ́n léèrè: ká ní ojú ọjà ni wọ́n ti fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ fún Lápité, ta ni ìbá fa ìbọn yọ sí?