Àyẹ̀wò ‘Ìṣíjibò’ àti ‘Ìràwọ̀ Ìbejì’ Nínú Iṣẹ́ Ìtumọ̀

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ àyọkà tí ó dá lórí ìràwọ̀ méjì tí ń yí ara wọn po, tí ọ̀kan sì ń bo èkejì, ọ̀rọ̀ méjì ni ó sábà máa ń yá lẹ́nu: ‘ìràwọ̀ ìbejì’ àti ‘ìṣíjibò’. Àwọn méjèèjì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìràwọ̀ Algol ni ilé tí a fẹ́ wò.

Ní 1783, John Goodricke, ọ̀dọ́mọkùnrin adití kan ní ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yìí máa ń dínkù, ó sì tún máa ń padà sípò, láìyẹ̀. Ọjọ́ 2, wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 49 ni ó wà láàrin ìdínkù kan sí èkejì. Ojú lásán ni Goodricke fi ṣọ́ ọ. Ní 1910, Joel Stebbins ní Illinois ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lo ẹ̀rọ: ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà bọ́ sórí sẹ̀lẹ́níọ̀mù, èròjà tí iná mànàmáná túbọ̀ máa ń rí ọ̀nà gbà kọjá bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Ẹ̀rọ yìí fi ìdínkù kékeré kan tí ojú kò rí rí hàn láàrin àwọn ńlá. Ìgbà tí ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù bá kọjá níwájú èyí tí ó ṣe bàìbàì ni ó ń ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni pé èyí tí ó ṣe bàìbàì náà ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀.

Ibí ni ‘ìṣíjibò’ ti kùnà. Bí òjìji ayé bá bọ́ sórí òṣùpá, òṣùpá ṣókùnkùn lóòótọ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ àyálò ni tirẹ̀. Ìṣíjibò bá a mu. Ṣùgbọ́n kò sí òjìji tí ó pa ìmọ́lẹ̀ Algol. Bí ènìyàn gíga bá dúró níwájú wa níbi ìran eégún, a kì í sọ pé ó ṣíji bo eégún. A máa ń sọ pé ó dí wa lójú. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. ‘Ìdínilójú’ ni a dábàá.

Ní ti ‘ìbejì’, ọ̀rọ̀ ìbí ni; yíyípo sì ni ọ̀rọ̀ tiwa. Ìràwọ̀ kẹta tún wà tí ó ń bá àwọn méjì náà yípo ní nǹkan bí ọjọ́ 680. Ṣé Ìdòwú ni a ó wá pè é? ‘Ìràwọ̀ alájọyípo’ gba méjì, ó sì gba mẹ́ta.

‘Àkókò ìdínilójú’ pẹ̀lú ń fẹ́ ìṣọ́ra. Kì í ṣe ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, nítorí nǹkan bí wákàtí 10 ni ìdínilójú ńlá fi ń wáyé. Agbedeméjì rẹ̀ ni, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kéré jù. Aṣèwádìí máa ń fi ẹ̀rọ wọn ìmọ́lẹ̀ Algol àti ti ìràwọ̀ ìtòsí kan tí kì í yí padà, léraléra, yóò sì wá àárín ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ àti ibi tí ó ti ń gòkè. Ìràwọ̀ kẹta, tí ó ń fa àwọn méjì náà sún mọ́ wa tàbí jìnnà sí wa, lè mú kí àkókò yìí yá tàbí kí ó pẹ́ ju bí a ti ṣírò rẹ̀ lọ.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn olùyẹ̀wò nìyí: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ pé ‘ìràwọ̀ kan dí wa lójú tí a kò fi rí èkejì dáadáa’, kí a má ṣe gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò lo ‘ìṣíjibò’. Òun ni ó wo ilé kí ó tó sọmọ lórúkọ.