Ọ̀rọ̀-ìṣe "Gùn" Nínú Àwòrán Rotimi Fani-Kayode

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwọn fọ́tò Rotimi Fani-Kayode lè sọ pé àṣà òyìnbó ni wọ́n: ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní ìhòòhò, ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin tí kò fara pamọ́. Ṣùgbọ́n inú èdè Yorùbá ni ìpìlẹ̀ wọn wà.

Ìdílé olóyè Ilé-Ifẹ̀ ni a bí i sí ní 1955. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966, ìdílé náà sá lọ sí Ìlú Ọba. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó tẹ̀dó sí London ní 1983, ó sì kú ní 1989. Nínú àròkọ rẹ̀, "Traces of Ecstasy" (1988), ó so iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọgbọ́n tí àwọn abọrẹ̀ Yorùbá fi ń gba òrìṣà sára.

Yorùbá ní òrìṣà a máa gun ẹlẹ́gùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà là ń lò fún ẹni tó gun ẹṣin àti fún akọ ẹran tó gun abo. Ọkùnrin tí Ṣàngó ń gùn a máa dirun bí obìnrin, a sì máa jẹ́ ìyàwó òrìṣà. Nínú "Bronze Head" (1987), ọkùnrin oníhòòhò kan lóṣòó sórí ère orí bíi ti Ifẹ̀. Ṣé ìbímọ ni, tàbí ìbálòpọ̀, tàbí ìbọ? Bí "gùn" ṣe gba ìtumọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán yìí.

Kì í ṣe pé ẹlẹ́gùn ń fẹ́ ọkùnrin o. Òrìṣà ni ọkọ rẹ̀, ó sì lè ní aya àti ọmọ nílé. Fani-Kayode ló mú èdè ojúbọ, tó fi sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin. Irú rẹ̀ hàn ní Abidjan, níbi tí Philip Brooks àti Laurent Bocahut ti ya fíìmù "Woubi Chéri" (1998). Àwọn tí fíìmù náà dá lé ní ọ̀rọ̀ tiwọn: "woubi" ni ọkùnrin tó dúró bí aya, "yossi" sì ni ọkọ rẹ̀. Èdè ìgbéyàwó ni àwọn náà yá.

Autograph, ẹgbẹ́ ayàwòrán tí Fani-Kayode bá wọn dá sílẹ̀ ní London ní 1988, ṣe alágbàtọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2003 a pàtẹ rẹ̀ ní Venice láàárín iṣẹ́ àwọn ará Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, òfin 2014 ka irú ìfẹ́ yìí sí ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń fi àṣà gbè é lẹ́yìn. Àṣà kò dá ẹnikẹ́ni láre pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní "gùn", tó sì fo àwòrán wọ̀nyí, ti fi apá kan ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.