Ọ̀pẹ, Aláǹtakùn àti Òṣùká: Kíka Báàjì Àwọn Ọmọ Ogun Àtijọ́

Ìdílé tó bá kó láti Èkó wá sí Mowe, Ìbàfò tàbí àyíká Redemption Camp lè bá báàjì ológun àtijọ́ nísàlẹ̀ àpótí bàbá àgbà. Iye tí yóò tà ni àwọn ọmọ sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé: ojú wo ni ẹni tó ṣe àmì yìí fi wo ẹni tó lò ó?

Ọ̀pẹ kan lórí òkìtì ni àmì ẹgbẹ́ ogun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà. Bí lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ WAFF (West African Frontier Force), ó ti wà ṣáájú 1928, ọdún tí wọ́n gba oyè “Royal” tí ó fi di RWAFF. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tó ní àkọlé Lárúbáwá, ti Nigeria Regiment, ẹ̀ka Nàìjíríà nínú ẹgbẹ́ ogun yìí, ṣì wà lára àmì Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Orí Ilẹ̀ Nàìjíríà títí dòní.

Ogun Hítílà ló mú àmì tó jinlẹ̀ jù wá. Ní 1943 ni wọ́n dá Dìfísọ̀n 81 àti 82 sílẹ̀ fún ogun Bọ́mà. Aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè ni ti 81. Ìdoríkodò ni wọ́n ń rán an sí apá, kó lè dà bíi pé ó ń sáré lọ bá ọ̀tá nígbà tí ṣọ́jà bá na ìbọn. Ọgbọ́n ọnà gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ànáńsì, alárékérekè inú àlọ́ àwọn Àkán, ni aláǹtakùn náà. Ìjàpá ni ọmọ Yorùbá mọ̀ nídìí àlọ́. Ìtàn onílé kejì ni wọ́n rán mọ́ ọn lápá, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wa.

Ti 82 ni mo gbà pé ó sún mọ́ òótọ́ jù: ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá. Irọ́ ni ọ̀kọ̀ yẹn, ìbọn ni wọ́n gbé lọ. Òṣùká ni òótọ́. Níbi tí mọ́tò kò lè dé, ọkọ̀ òfurufú a ju ẹrù sílẹ̀, àwọn aláàárù ogun a sì fi orí rù ú gun òkè.

Síbẹ̀, báàjì kò lè sọ iṣẹ́ ẹni tó ni ín. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé, wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16. Ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ. Ní 1944 ni ìbọn bà á ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló fi í pamọ́. Kò sí èyí tí aláǹtakùn apá rẹ̀ lè sọ nínú gbogbo èyí. Àmì ẹ̀yẹ Ìràwọ̀ Bọ́mà (Burma Star) pàápàá, láìsí orúkọ lára rẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín in.

Nítorí náà, ẹni tó bá jogún báàjì, kó ka àwòrán rẹ̀ kó lè mọ ẹgbẹ́ ogun àti àsìkò. Lẹ́yìn náà, kó wá ìwé ìfẹ̀yìntì, fọ́tò, àti ẹnu àgbà tó ṣì wà láyé. Ìjọba ló yan àmì. Ìdílé ló ni ìtàn tó kù.