Wúrà Íjíbítì àti Ìmọ̀ràn Jẹ́tírò: Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn lórí Ìgbàgbọ́ Kristẹni àti Ẹ̀kọ́ Sáíkọ́lọ́jì

1. Ìfáàrà

Sáíkọ́lọ́jì ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ń wádìí èrò, ìmọ̀lára àti ìṣesí ọmọ ènìyàn. Ọdún 1879, nígbà tí Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ọdún tí ìmọ̀ yìí dá dúró fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìgbà náà ni àwọn àlùfáà ìjọ Kristẹni ti ń gbọ́ ẹdùn ọkàn àwọn ọmọ ìjọ, tí wọ́n ń tù wọ́n nínú, tí wọ́n sì ń bá wọn wí. Ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ro. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ìjà ààlà ṣẹlẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìjà náà ti gbóná jù, láàárín àwọn Kristẹni tí wọ́n gbà pé Bíbélì ni àṣẹ tí ó ga jù lọ lórí ìgbé-ayé ẹ̀dá. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni Fuller Theological Seminary, ní ìpínlẹ̀ California, dá ilé-ẹ̀kọ́ sáíkọ́lọ́jì sílẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn. Ní 1973, ìwé àtìgbàdégbà tí a ń pè ní Journal of Psychology and Theology bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń lọ tí ó ń bọ̀: ṣé ìgbàgbọ́ àti sáíkọ́lọ́jì ṣe é so pọ̀, bí ó bá sì ṣe é ṣe, ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá lórí ta ni?

Ìwé méjì ni àpilẹ̀kọ yìí yàn láàyò. Èkíní ni Competent to Counsel tí Jay Adams tẹ̀ jáde ní 1970. Èkejì ni Effective Biblical Counseling tí Larry Crabb tẹ̀ jáde ní 1977. Adams kú ní 2020, Crabb sì kú ní 2021, ṣùgbọ́n èrò wọn kò bá wọn lọ. Nígbà tí Eric Johnson àti Stanton Jones ṣe olóòtú Psychology and Christianity: Four Views ní 2000, ipa Adams wà nínú rẹ̀, àwọn tí ó gba ìsopọ̀ gbọ́ sì ní àyè tiwọn níbẹ̀.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì gbára lé ọ̀rọ̀ kan tàbí àfiwé kan ju bí ó ti yẹ lọ. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin lè gbé ènìyàn kọjá ibi tí ó ń lọ.

2. Adams: Ilẹ̀kùn tí a tì

Èrò Adams kò fi ara pamọ́. Ó ní ẹni tí ìṣòro bá tí kì í ṣe láti inú àìsàn ara kì í ṣe aláìsàn. Ẹ̀ṣẹ̀ àti ìwà tí kò tọ́ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, oníwàásù tí ó mọ Bíbélì dunjú ni ó yẹ kí ó dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, noutheteo, tí ó túmọ̀ sí kí a kìlọ̀ fún ènìyàn tàbí kí a ṣí i létí, ni ó fi ṣe orúkọ fún ìlànà rẹ̀. Ìwé Róòmù 15:14 ni ó sì fi ṣe ìpìlẹ̀, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé àwọn ará ìjọ tó ẹni tí ń kìlọ̀ fún ara wọn.

Ìwé yìí ní ìwúlò tirẹ̀, kò sì yẹ kí aṣelámèyítọ́ fojú fò ó. Ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ oníwàásù ti ń fi gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, Adams rán wọn létí pé iṣẹ́ wọn ni láti jókòó ti ènìyàn. Ó tún dá ẹ̀bi padà sí ipò rẹ̀: bí ènìyàn bá ṣe ibi, kí ó mọ̀ pé òun ṣe ibi. Kò sì sọ pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò wúlò rárá, tàbí pé kí a má gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Síbẹ̀, ohun méjì ni ó ń kọni lóminú. Àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀kùn tí Adams tì, àlejò ti wà nínú ilé kí ó tó tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ nínú ìfáàrà ìwé rẹ̀ pé ní 1965 òun lo àkókò lọ́dọ̀ O. Hobart Mowrer ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí òun ti rí bí a ṣe ń bá àwọn tí ó wà ní ilé-ìwòsàn ọpọlọ sọ̀rọ̀. Onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì pọ́ńbélé ni Mowrer. Ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà ní 1954. Òun ni ó ń kọ́ni, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1961, pé ẹ̀bi tòótọ́ tí a fi pamọ́ ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóró, àti pé ìjẹ́wọ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Adams bá Mowrer jiyàn pé Krístì kò sí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí ohun tí ó padà lọ wá nínú Bíbélì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ìkejì wà nínú ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà gan-an. Nínú 1 Tẹsalóníkà 5:14, Pọ́ọ̀lù to oríṣi ènìyàn mẹ́ta lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní kí a kìlọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ràn, kí a tu àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì nínú, kí a sì ran àwọn aláìlera lọ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni ó lo noutheteo fún. Ọ̀rọ̀ tí ó sì lò fún ẹni kejì, oligopsychos, ní psyche nínú, ọ̀rọ̀ kan náà tí sáíkọ́lọ́jì ti rí orúkọ rẹ̀. Adams mú ohun tí Pọ́ọ̀lù yàn fún ẹnì kan, ó fi ṣe orúkọ ìtọ́jú fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí kì í ṣe àṣìṣe kékeré, nítorí ẹni tí ó ń jìyà ni yóò san gbèsè rẹ̀. Èlíjà jókòó sábẹ́ igi nínú aṣálẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Oúnjẹ àti oorun ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún un, lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀rọ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, ẹ̀wẹ̀, ìkìlọ̀ ni wọ́n fi pàdé rẹ̀ nígbà tí ó là ẹnu, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Ní ìparí ìwé náà, Ọlọ́run sọ pé ohun tí wọ́n sọ kò tọ̀nà.

3. Crabb: Wúrà tí a kó jáde

Crabb gba ọ̀nà mìíràn. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáíkọ́lọ́jì ní 1970, ó sì mọ ohun tí ìmọ̀ náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Nínú ìwé rẹ̀, ó to ìwà àwọn Kristẹni sí sáíkọ́lọ́jì sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan ya méjèèjì sọ́tọ̀, kálukú nínú ọgbà tirẹ̀. Àwọn kan pò wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí a bá po sàláàdì. Àwọn kan kò gba ohunkóhun mọ́ àyàfi Bíbélì nìkan. Ọ̀nà kẹrin, tí ó jẹ́ tirẹ̀, ni ó fi wé bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe kó wúrà àti fàdákà àwọn ará Íjíbítì nígbà tí wọ́n ń jáde lọ.

Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, ti lò ó ní nǹkan bí 1600 ọdún sẹ́yìn láti sọ pé òtítọ́ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn kèfèrí, kí onígbàgbọ́ gbà á, kí ó sì lò ó bí ó ti yẹ. Agbára rẹ̀ hàn kedere. Ó gbà pé wúrà ni wúrà, ọwọ́ ẹni yòówù kí ó wà. Ó sì mú ẹ̀rù kúrò lára akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni tí ó bá ara rẹ̀ ní kíláàsì sáíkọ́lọ́jì.

Ṣùgbọ́n àfiwé náà dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó ti sọ̀rọ̀. Nínú ìwé Ẹ́kísódù kan náà, ní orí 32, yẹtí wúrà ni Áárónì gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí ó fi yá ẹgbọrọ màlúù. Ní orí 35, yẹtí wúrà wà lára ohun tí wọ́n mú wá fún kíkọ́ àgọ́ ìpàdé. Ó ṣòro láti mọ ibòmíràn tí ẹrú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dòmìnira ti lè rí irú wúrà bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Íjíbítì. Orísun kan ni ó bí ère àti àgọ́. Origen, tí ó lo àfiwé yìí ṣáájú Augustine, rí ewu náà. Ó kìlọ̀ pé àwọn kan ti Íjíbítì bọ̀, ère ni wọ́n sì fi ohun tí wọ́n kó bọ̀ yá.

Crabb kò ṣàìmọ ewu. Ó là á kalẹ̀ pé sáíkọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àṣẹ Ìwé Mímọ́, àti pé kí olùdámọ̀ràn máa fi àkókò fún Bíbélì bí ó ti ń fi fún sáíkọ́lọ́jì. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n ìwà ẹni tí ó mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ni èyí ń sọ. Kò sọ bí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àpẹẹrẹ kan yóò tó. Crabb kọ́ni pé ohun méjì ni ọkàn ènìyàn ń pòǹgbẹ fún: kí ìgbésí ayé rẹ̀ já mọ́ nǹkan, àti kí ó ní ìfẹ́ tí ó dájú. Ó ní inú Krístì ni méjèèjì wà. Ẹni tí ó bá ti ka iṣẹ́ Abraham Maslow, tí ó jáde ní 1943, lórí ohun tí ẹ̀dá ṣe aláìní, yóò rí i pé ọ̀nà ìrònú náà jọra: a kọ́kọ́ to àìní sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni a wá ohun tí yóò dí i. Bíbélì fèsì, ṣùgbọ́n ta ni ó béèrè? Bí sáíkọ́lọ́jì bá gbé ìbéèrè kalẹ̀ tí Ìwé Mímọ́ kàn ń dáhùn, a jẹ́ pé wúrà náà ti ní àwòrán kan lára kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó kó o.

4. Ọ̀rọ̀ náà "ọkàn"

Ìṣòro àwòrán tí ó ti wà lára ọ̀rọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ olùlò kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ń ka Bíbélì ní èdè Yorùbá. Nínú Bíbélì tí ó jáde lódindi ní 1884, àṣẹ tí Jésù pè ní èyí tí ó tóbi jù lo àyà, ọkàn àti inú láti kó gbogbo ènìyàn jọ níwájú Ọlọ́run. Ọkàn ni àwọn atúmọ̀ fi ṣe psyche. Ṣùgbọ́n ọkàn ni ó tún ń lù kìkì nínú àyà. Dókítà ń sọ̀rọ̀ àrùn ọkàn, oníwàásù ń sọ̀rọ̀ ìwẹ̀nùmọ́ ọkàn, olùdámọ̀ràn ń sọ̀rọ̀ ìdààmú ọkàn. Bí ìyá kan bá wọlé tí ó ní, "Ọkàn mi kò balẹ̀," mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n lè sọ pé tiwọn ni, kò sì sí èyí tí èdè fúnra rẹ̀ lé jáde.

Àǹfààní wà níbẹ̀. Ìlà tí Adams fà láàárín àìsàn ara àti ẹ̀ṣẹ̀ kò rọrùn láti fà ní èdè yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò gbà kí a pín ìyá náà sí méjì. Ewu sì wà pẹ̀lú: ẹni tí ó lo ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan mẹ́ta lè rò pé òun ti so wọ́n pọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni ó so pọ̀.

5. Ìmọ̀ràn Jẹ́tírò

Bí àwòrán ìkógun kò bá tó, ìwé Ẹ́kísódù ní òmíràn, tí Crabb kò lò. Ní orí 18, Jẹ́tírò, àlùfáà Mídíánì, wá kí Mósè, ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó rí i tí ó ń dá ẹjọ́ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Ó béèrè ìdí rẹ̀, ó gbọ́ àlàyé. Ó ní iṣẹ́ náà yóò tán an lókun, àti òun àti àwọn ènìyàn. Kí ó yan àwọn tí yóò bá a pín in. Mósè gbọ́, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́tírò padà sí ilẹ̀ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ pọ̀ láàárín ìtàn yìí àti ti wúrà. Ohun tí Jẹ́tírò mú wá kì í ṣe ẹrù. Àkíyèsí tí ó ṣe lórí ènìyàn tí ó rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó jà á lólè: a dárúkọ rẹ̀, a bá a jẹun, a sìn ín sọ́nà. Àṣẹ kò sì kúrò níbi tí ó wà, nítorí Jẹ́tírò sọ pé bí Ọlọ́run bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ni kí Mósè ṣe é. Òṣùwọ̀n rẹ̀ sì hàn sójú: kí Mósè lè dúró, kí àwọn ènìyàn sì padà sílé ní àlàáfíà.

Irú òṣùwọ̀n yìí ni T. Adeoye Lambo lò ní Àrò, Abẹ́òkúta, ní 1954, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ Kristẹni ni ó ń tò. Ó mú kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé tí ó wà nítòsí ilé-ìwòsàn, pẹ̀lú ẹbí tí ń tọ́jú wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ń wò ni bóyá ara aláìsàn ń yá láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

Àwòrán Jẹ́tírò náà ní ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó. Jẹ́tírò yin Ọlọ́run Mósè lógo kí ó tó gba Mósè nímọ̀ràn. Sigmund Freud, nínú ìwé tí ó kọ ní 1927, pe ẹ̀sìn ní ohun tí ènìyàn fi ń tan ara rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àlejò ni ó ń kí onílé. Ètò ìdájọ́ sì rọrùn láti gbà lọ́wọ́ àlejò ju èrò nípa ohun tí ènìyàn jẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ni ìlò àwòrán náà: ó jẹ́ kí a béèrè irú ìmọ̀ràn tí a gbà, dípò kí a máa béèrè orílẹ̀-èdè tí ó ti wá nìkan.

6. Ìkádìí

Adams sọ òtítọ́ nípa ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó fi ìkìlọ̀ kan wo àrùn mẹ́ta. Crabb ṣí ilẹ̀kùn fún ìmọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ wúrà bo ìbéèrè nípa òṣùwọ̀n mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ń jà lórí ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sì wà lórí ìjókòó tí ó ń dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ so ìgbàgbọ́ àti sáíkọ́lọ́jì pọ̀ ní láti kọ́kọ́ bi í léèrè, gẹ́gẹ́ bí Jẹ́tírò ti bi Mósè, kí ni ó ń ṣe é. Kí ó sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán kí ó tó pinnu bóyá ìkìlọ̀, ìtùnú tàbí oúnjẹ àti oorun ni ó kàn.